Ìwàásù Tí Mo Gbà Sórí Ìràwọ̀

Lọ́dún tó kọjá, ọmọ mi obìnrin, Mojí, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkàwé yunifásítì kan níbí ní Ọ̀tà, wọlé bá mi, ó ní, "Màámi, wọ́n ti tún À-ń-Relé yín ṣe o. Wọ́n ti ń gbé e jáde báyìí." Inú mi dùn, inú mi sì bàjẹ́, lẹ́ẹ̀kan náà. Mo gbé abọ́ gààrí ọwọ́ mi sílẹ̀, mo jókòó. Kí ẹ tó lè mọ ìdí tí ìròyìn fíìmù lásán fi mú àgbàlagbà jókòó, ẹ ní láti gbọ́ iṣẹ́ tí mo ṣe láti ìgbà ọmọge títí mo fi ti ṣọ́ọ̀bù mi pa.

Èmi ni Àṣàkẹ́ tí àwọn ará Ṣàngó ń pè ní Ìyá Fídíò. Mo ti pé ọdún méjìlélọ́gọ́ta. Ìkìrun ni wọ́n bí mi sí. Iṣẹ́ ló gbé mi dé Ọ̀tà, bó ṣe gbé ọ̀pọ̀ ọmọ Ọ̀ṣun àti Ọ̀yọ́ wá nígbà náà. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ike ni mo kọ́kọ́ wà. Owó rẹ̀ kò dára, kò sì burú, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ máa ń wá bi mí pé, "Ìyá, iṣẹ́ wo ni ká kọ́ tí kò ní kú?" Mo máa ń sọ fún wọn pé kò sí. Iṣẹ́ tí mo kọ́ kú lẹ́ẹ̀mẹta lójú mi, mo sì tún un kọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tí kì í kú ni èyí tí èèyàn bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ bà jẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà.

Ní ẹ̀bá Toll Gate ti Ṣàngó, ọ̀gá kan wà tó ń jẹ́ Múfú, ọmọ Adó-Odò. Ó ń yá èèyàn ní kásẹ́ẹ̀tì fídíò, ó ń tún ẹ̀rọ fídíò ṣe, ó sì ń da kásẹ́ẹ̀tì kọ. Lọ́sàn-án Sátidé, yóò to bẹ́ǹṣì, yóò ṣí fèrèsé, yóò gbé fíìmù sí i fún àwa òṣìṣẹ́ tí a bá ti jáde lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ wa kò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀. Ọ̀gá ló máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n tí yóò máa sọ ọ́ ní Yorùbá bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lọ. Gbogbo fíìmù ló fún ní orúkọ tiwa, torí oníbàárà kì í béèrè orúkọ tí òyìnbó kọ sára páálí, ohun tó rí nínú rẹ̀ ló máa ń béèrè.

À-ń-Relé ni ọba gbogbo wọn. Rásákì, àbúrò Ọ̀gá, tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ló ń gbà á sílẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n lọ́hùn-ún, tó ń fi í rán ẹni tó bá ń bọ̀ nílé. Èèyàn méje ló wà nínú ọkọ̀ kan tó ṣìnà láàárín ìràwọ̀. Apá kọ̀ọ̀kan ni wọ́n máa ń gúnlẹ̀ sí ayé kan, wọn yóò rò pé ilé ni, kò sì ní jẹ́ ilé. Ìyá arúgbó kan tí orúnkún ń dùn ni ọ̀gá ọkọ̀ náà. Ẹni tó bá lajú dáadáa á rí i pé páálí ni wọ́n fi ṣe ọkọ̀ ọ̀hún. Lọ́jọ́ kan ògiri rẹ̀ mì nígbà tí ẹnìkan fara tì í. A rẹ́rìn-ín títí, lẹ́yìn náà ẹ̀rù tún bẹ̀rẹ̀ sí í bà wá nítorí wọn. Ẹ wo gbogbo wa lórí bẹ́ǹṣì yẹn, ọmọ Ìwó, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ Ìkìrun, kò sẹ́ni tó fọkàn sí i pé òun máa pẹ́ ní Ọ̀tà. Gbogbo wa là ń relé. Ọdún mélòó kan rèé, ibẹ̀ la bímọ sí.

Mo fi iṣẹ́ ike sílẹ̀, mo lọ bá Ọ̀gá Múfú pé mo fẹ́ kọ́ṣẹ́. Bàbá mi gbéra láti Ìkìrun wá bá mi jà pé obìnrin wo ló ń tú ẹ̀rọ. Ọ̀gá ní tiẹ̀ wò mí láti òkè délẹ̀.

"Àṣàkẹ́, ṣé o lè dákẹ́?"

"Mo lè dákẹ́, sà."

"Irọ́ lo ń pa. Wọlé."

Oṣù mẹ́fà gbáko, nǹkan kan ṣoṣo ni mo ṣe: mo ń fi aṣọ funfun àti sìpírítì nu ojú ẹ̀rọ tó ń ka téèpù. Ojú yìí tẹ́ẹ́rẹ́, bí èèyàn bá nù ún lódìlódì, ó parí fún un. Nígbà tó fẹ́ dán mi wò, ó tú ẹ̀rọ mẹ́ta palẹ̀, ó da gbogbo ìdè onírin kéékèèké tó so wọ́n pọ̀ sínú abọ́ kan, ó ní kí n dá a padà, kí ọ̀kan má ṣẹ́ kù. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ṣe é. Ní ọjọ́ kẹrin, ìdè kékeré kan ṣẹ́ kù. Kò lù mí, kò sì bú mi. Ó kàn ní, "Tún wọn tú." Mo sunkún dé ilé. Lónìí, ẹ dì mí lójú, ẹ fi ìdè lé mi lọ́wọ́, màá sọ ẹ̀rọ tó ti wá.

Ó ní òfin mẹ́ta. Èkíní, iṣẹ́ tó bá ti parí, kí a ká ahọ́n rẹ̀. Ike kékeré kan wà lẹ́yìn kásẹ́ẹ̀tì tó jẹ́ pé bí a bá ti ká a kúrò, ẹ̀rọ kò ní gbà láti gba nǹkan mìíràn sórí rẹ̀ mọ́. Èkejì, kásẹ́ẹ̀tì tuntun nìkan ni kí a lò fún iṣẹ́ oníṣẹ́. Àwọn alágídí máa ń fi sẹ́lótéèpù dí ojú ihò tí ahọ́n ti kúrò, kí wọ́n lè tún kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ lò. Ọ̀gá ní olè ni ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kẹta, kásẹ́ẹ̀tì tó bá ti hu kò gbọdọ̀ wọ inú ẹ̀rọ, torí funfun tó hu sára rẹ̀ yóò ran ẹ̀rọ, ẹ̀rọ yóò sì ran kásẹ́ẹ̀tì mìíràn. Sísun ni kí a sun ún lójú ẹsẹ̀.

Mo gba òmìnira, mi ò lọ. Mo dúró tì í, mo di igbákejì rẹ̀. Ìgbà náà ni ìjọ bẹ̀rẹ̀ sí í hù káàkiri. Ilẹ̀ tí ẹ rí lánàá tó jẹ́ oko gbágùúdá, ẹ óò dé ibẹ̀ lọ́la, wọ́n ti fi páànù bò ó, àga ike ti wà nínú rẹ̀. Kò sí pásítọ̀ tí kò fẹ́ kí ìwàásù òun wà nínú kásẹ́ẹ̀tì. Ká má purọ́, ìwàásù bọ́ wa ju fíìmù lọ. Mo da ìwàásù kọ tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ mi fi ń sọ pé mo ń wàásù lójú oorun.

Ibi tí mo ti bàjẹ́ rèé. À-ń-Relé ti dé apá tó ṣáájú ìkẹyìn. Ọ̀gá ti kéde pé Sátidé tó bá tẹ̀lé ìgbà tí apá ìkẹyìn bá dé, gbogbo èèyàn yóò wá wo bóyá wọ́n délé. Rásákì ti kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà yẹn, ó ti kó lọ sí Amẹ́ríkà, a sì ń retí. Lọ́jọ́bọ̀ kan, Ọ̀gá wà ní Adó-Odò níbi tí ara ìyá wọn kò ti yá. Arìnrìn-àjò kan fi kásẹ́ẹ̀tì náà lé mi lọ́wọ́. Mo wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọ kan tó wà lọ́nà Àtàn: ogójì ẹ̀dà ìwàásù kan ni wọ́n ń fẹ́ fún àpéjọ wọn, wọ́n sì ń bọ̀ wá kó o ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Mo ti ṣe mọ́kàndínlógójì. Ọ̀kan tó kù, téèpù inú rẹ̀ gé mọ́ mi lọ́wọ́.

Ojú ń kán mi láti rí ìràwọ̀ mi. Mo kọ́kọ́ gbé kásẹ́ẹ̀tì Rásákì sínú ẹ̀rọ. Òjò ni mo rí. Ìlà dúdú ń sáré lọ sókè sódò, kò sí ojú èèyàn, kò sí ohùn tó já gaara. Mo yí i síwájú, mo yí i sẹ́yìn, òjò náà ni. Mo ní ó ti bàjẹ́ lọ́nà. Mo yí i padà, mo rí i pé Rásákì ti ká ahọ́n rẹ̀, bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe kọ́ ọ. Ó yẹ kí ìyẹn dá mi dúró. Mo wo aago, mo ro ojú àwọn ará ìjọ, mo fa sẹ́lótéèpù. Mo gba ìwàásù sórí rẹ̀, mo lẹ orúkọ ìjọ mọ́ ọn, mo kó ogójì pé fún wọn.

Nígbà tí Ọ̀gá dé, ohun àkọ́kọ́ tó béèrè ni kásẹ́ẹ̀tì náà. Bí mo bá ní ó ń rọ òjò, á ní kí n mú un wá. Bí mo bá sọ ibi tó wà, mo ti di olè nìyẹn. Mo ní, "Ó ti hu, sà. Mo ti sun ún." Mo fi òfin rẹ̀ bo ara mi. Kò lè bá mi wí, òun ló kọ́ mi. Ní Sátidé, èrò kún dé títì. Ọ̀gá dúró níwájú wọn, ó tọrọ gáfárà, àwọn kan sì ń pariwo, "Ọ̀gá Múfú, wọ́n ti lù ọ́ ní jìbìtì!" Lọ́jọ́ náà gan-an ló kọ lẹ́tà sí Rásákì. Ó ní kásẹ́ẹ̀tì ààtàn lo fi ránṣẹ́ sí mi, o dójú tì mí láàárín èrò, torí pé o ti dé Amẹ́ríkà. Rásákì náà gbóná. Ó ní tuntun ni òun rà. Ẹ̀gbọ́n ní irọ́ ni. Lẹ́tà kò kọjá láàárín wọn mọ́.

Oṣù méje lẹ́yìn náà, Ọ̀gá ra ẹ̀rọ tuntun kan. Oníbàárà kan gbé kásẹ́ẹ̀tì ìgbéyàwó tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà wá. Lórí ẹ̀rọ wa àtijọ́, òjò ni. Lórí tuntun, ìyàwó ń rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ mọ́ kedere. Ọ̀gá ṣàlàyé fún mi pé bí Amẹ́ríkà ṣe ń to àwòrán tiwọn yàtọ̀ sí ti Lọ́ńdọ̀nù àti tiwa, pé ẹ̀rọ tó mọ méjèèjì nìkan ló lè kà á. Kásẹ́ẹ̀tì Rásákì kò bàjẹ́ rí. Ọjọ́ yẹn ni ó yẹ kí n sọ ọ́. Mi ò sọ ọ́.

Ohun kan ṣoṣo ni mo ní lọ́kàn. Ìwàásù yẹn kò gùn tó fíìmù. Bó bá parí, ó di dandan kí ìṣẹ́jú mélòó kan ṣẹ́ kù lẹ́yìn Àmín, níbi tí À-ń-Relé ṣì wà. Bí mo bá rí i, màá gbé e lọ́wọ́ lọ bá Ọ̀gá, màá wólẹ̀. Ogójì kásẹ́ẹ̀tì ti fọ́n ká Àtàn, Ọ̀tà, Adó-Odò, ta ló mọ ibi tí tèmi wà? Láti ìgbà náà, kò sí kásẹ́ẹ̀tì ìwàásù tí ẹnikẹ́ni gbé wá tí mo yọ kúrò lẹ́yìn Àmín. Mo máa ń jẹ́ kó yí títí dé ìdí. Nígbà tí Ọ̀gá fẹ̀yìn tì lọ sí Adó-Odò tó fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún mi, mò ń ṣe é. Nígbà tí síìdì dé tí kásẹ́ẹ̀tì kú, àwọn ìjọ kó ti àtijọ́ wá kí n gbé e sórí síìdì, mò ń ṣe é. Síìdì náà kú, fíláàṣì dé. Yunifásítì ti pọ̀ nígbà yẹn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kó kásẹ́ẹ̀tì òkú bàbá wọn wá kí n gbé ohùn rẹ̀ sórí fíláàṣì. Wọn á ní, "Màmá, ó ti tán báyìí." Màá ní kí wọ́n ní sùúrù. Òkùnkùn lásán ni mo ń rí lẹ́yìn Àmín. Àárò ìràwọ̀ yẹn sọ mí, ó sì tún ń sọ mí.

Nígbà tí fóònù gba ìyókù, mo ti ṣọ́ọ̀bù pa. Ìgbà náà ni Mojí wá sọ pé wọ́n ti tún un ṣe.

Ẹ jẹ́ n sọ tẹnu mi nípa àtúnṣe fíìmù ìràwọ̀ wọ̀nyí, torí mo ti wo púpọ̀ nínú wọn. N kò kórìíra wọn bí àwọn àgbà kan ṣe kórìíra wọn. Ìràwọ̀ tuntun dára ju ti àtijọ́ lọ, kí á sọ òótọ́. Tiwa àtijọ́, bí ìgbà tí wọ́n ta ìyẹ̀fun sórí aṣọ dúdú ni. Ọkùnrin dúdú kan ṣoṣo tó wà nínú À-ń-Relé àkọ́kọ́, apá kejì ni wọ́n ti pa á. Nínú tuntun, obìnrin dúdú ló ń tún ọkọ̀ náà ṣe, kò sì kú, mo pàtẹ́wọ́ fún un nínú pálọ̀ mi. Ṣùgbọ́n wọn ò ní sùúrù. Ọkọ̀ àtijọ́ máa ń pẹ́ kó tó yí, a óò gbọ́ bó ṣe ń ké, ẹ̀rù á bà wá. Tòní ti débẹ̀ kí ẹ tó ṣẹ́jú. Wọ́n gba orúnkún arúgbó yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fi ọmọbìnrin arẹwà kan tó ń fò sókè sílẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Kí ni ọmọ ogún ọdún mọ̀ nípa ilé tó fẹ́ padà sí? Ẹni tó bá fẹ́ tún ilé bàbá rẹ̀ kọ́, kó kọ́kọ́ sùn nínú rẹ̀ kó tó wó o. Mojí ní, "Màámi, ẹ̀yin ni ẹ ti dàgbà, kì í ṣe fíìmù." Bóyá.

Síbẹ̀, mo gbé e lọ bá Ọ̀gá ní Adó-Odò. Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ojú rẹ̀ ṣì ríran. Mojí ti wá ti àtijọ́ títí, kò rí i; tuntun ló bá wa so mọ́ tẹlifíṣọ̀n rẹ̀. Ní gbogbo ọ̀sán Sọ́ńdè, mo ń lọ, àwa méjèèjì ń wò ó. Mo mọ ohun tó ń retí. Ó fẹ́ mọ bóyá wọ́n délé.

Ọjọ́ apá ìkẹyìn, wọ́n délé lóòótọ́. Iná ń bú gbàmù lójú sánmà, gbogbo wọn ń dì mọ́ra, lẹ́yìn náà wọ́n fi ọkọ̀ mìíràn hàn wá tó tún ń gbéra, kí á lè mọ̀ pé wọ́n ṣì ń bọ̀ wá gbowó lọ́wọ́ wa. Ọ̀gá pa tẹlifíṣọ̀n.

"Irọ́ ni," ó ní. "Kò lè parí báyìí. Rásákì ni kò jẹ́ ká mọ̀ ọ́n. Ọmọ tí mo fi ẹ̀yìn mi pọ̀n, ohun tó ti hu ló rí fi ránṣẹ́ sí mi."

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rẹ̀ ẹ́. Mo sọ̀ kalẹ̀ lórí àga, mo kúnlẹ̀.

"Ọ̀gá, kásẹ́ẹ̀tì yẹn ò hu."

"Èwo?"

"Ti Bọ̀ọ̀dá Rásákì. Mi ò sun ún, sà. Mo gba ìwàásù sórí ẹ̀. Òjò ni mo rí, mi ò mọ̀ pé ti Amẹ́ríkà ni."

"Ahọ́n ẹ̀ ńkọ́?"

"Wọ́n ti ká a. Mo fi sẹ́lótéèpù dí i."

"Sẹ́lótéèpù." Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó gbé e sórí orúnkún. "Nígbà tí ìyá wa kú, Rásákì ti Amẹ́ríkà wá. Ó nawọ́ sí mi níwájú gbogbo ẹbí. Mi ò gbà á, Àṣàkẹ́. Mo kẹ́yìn sí i."

Ẹkún ni mò ń sun. Ó ju fóònù rẹ̀ sí mi lẹ́sẹ̀.

"Nọ́ńbà ẹ̀ wà níbẹ̀. Ọmọ mi ló kọ ọ́ sí i, mi ò pè é rí. Pè é."

Mo pè é. Ohùn àgbàlagbà kan gbé e, ẹ̀rù ti bà á: "Ẹ̀gbọ́n mi? Ṣé kò sí láburú o? Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú," Ọ̀gá wí. "Rásákì, èmi ni mo ṣẹ̀ ẹ́. Má bínú." Ó ro ẹjọ́ fún un, kò sì fi orúkọ mi pamọ́. Lọ́hùn-ún, a gbọ́ tó ń fọn imú. Ọ̀gá wá bi í pé, "Apá ìkẹyìn yẹn, ṣé o wò ó nígbà tí ò ń gbà á sílẹ̀?"

"Mo wò ó, ẹ̀gbọ́n. Mo rántí ẹ̀ látòkè délẹ̀."

"Ó yá. Sọ ọ́ fún mi."

Mo nu ojú mi, mo fà sún mọ́ fóònù. Ọ̀gá fi ọwọ́ bo ẹnu fóònù, ó wò mí bó ṣe ń wò mí nígbà tí mo ṣì ń nu ẹ̀rọ.

"Àṣàkẹ́, bọ́ síta. Kó o sì pa ilẹ̀kùn dé."

Mo bọ́ síta. Mo dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn nínú oòrùn Adó-Odò, èmi ìyá ọlọ́mọ, ìyá àgbà. Mò ń gbọ́ ohùn, mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀. Ó rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan, ó tún rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ tó ní, "Háà, Rásákì." Nígbà tó ṣílẹ̀kùn, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó ní kí n wá jẹun. Kò sọ ọ́ fún mi, mi ò sì bi í.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà ni Ọ̀gá kú. Kò sí ọjọ́ kan láàárín oṣù mẹ́rin náà tí òun àti àbúrò rẹ̀ kò bá ara wọn sọ̀rọ̀. Rásákì wá fún àdúrà ọjọ́ kẹjọ, ó sì yà sílé mi ní Ṣàngó kó tó lọ sí pápákọ̀ òfurufú. Mo gbé oúnjẹ fún un. Ó jẹ ẹ́ tán, ó fọwọ́, ó wò mí.

"Àṣàkẹ́, ṣé kí n sọ bó ṣe parí fún ẹ?"

Kò sí ohun tí mo fẹ́ mọ̀ tó ìyẹn láyé yìí. Ṣùgbọ́n Ọ̀gá ti ní kí n pa ilẹ̀kùn dé. Mo ní kó má sọ ọ́.